Irúgbìn Tí A Ṣe Àmín Sí

Àwọn tó bá gbọ́ pé iṣẹ́ ìwádìí wa bàjẹ́ máa ń dá ara wọn lóhùn kí n tó la ẹnu. Wọ́n á ní, "Iná ni, àbí? Iná ìlú yìí ò ní í jẹ́ kéèyàn ṣe nǹkan gidi." Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru iná, iná kò lẹ́nu tí yóò fi bá èèyàn jà. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mò ń pa. Nínú owó tí ìjọba fún wa ni a ti ra páńẹ́lì oòrùn àti bátìrì, iná kò sì kú ní láàbù wa fún ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́wàá. Èèyàn ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo mọ ẹni náà dáadáa, torí pé èmi ni.

Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlọrin. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ, èmi ni mò ń fọ ìgò, èmi ni mò ń wọn nǹkan, àwọn tó ní oyè níwájú orúkọ wọn á wá kọ ohun tí mo wọ̀n sínú ìwé. N kò bínú sí wọn. Kálukú ló ní ibi tí Ọlọ́run fi í sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kò lè gbé ìgò kan láti orí tábìlì dé ibi ìfọwọ́ kó má fọ́.

Kírísítáàlì ni a ń tọ́. Bí ẹ bá da iyọ̀ ìsebẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé wóró kéékèèké ni, tí ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba bíi ti búlọ́ọ̀kù ìkọ́lé. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a mú iyọ̀ irú mìíràn, kí a tọ́ wóró kan ṣoṣo dàgbà nínú rẹ̀ títí yóò fi kún ọwọ́, tí inú rẹ̀ á mọ́ gaara, tí yóò sì jẹ́ ẹyọ kan láti orí dé ìdí. Inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ìmọ́lẹ̀ lésà kọjá, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà á ti yí padà kó tó jáde. Òkè òkun ni a ti ń rà á. Ìjọba ní kí a gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò le lójú. A ó yọ́ iyọ̀ náà sínú omi gbígbóná títí omi kò fi ní lè gbà á mọ́. A ó so wóró kékeré kan, èyí tí à ń pè ní irúgbìn, mọ́ òwú, a ó rì í sínú omi náà, a ó wá máa dín ooru omi kù ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí omi ṣe ń tutù ni iyọ̀ á máa kúrò nínú rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ irúgbìn. Ẹ kò gbọdọ̀ mì í, ẹ kò sì gbọdọ̀ kánjú. Ṣùgbọ́n irúgbìn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun tó bá hù lára rẹ̀ á jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ẹ máa tọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá, méjì tó lẹ̀ mọ́ra náà ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wa. Bàbá ni olórí wa, pròfẹ́sọ̀ tó kọ ìwé tí ìjọba fi gbà láti fún wa lówó. Ọmọ ilé kéwú ni, láàárín Ìlọrin àtijọ́. Bó bá ń ṣàlàyé físíìsì, ẹ ó rò pé ó ń túmọ̀ áyà Kùránì kan fún àwọn ọmọ iléékéwú ni. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ ń ti Ọ̀mù-Àrán wá bá mi fa wàhálà, Bàbá wá jókòó sí pálọ̀ mi ní Adéwọlé fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbóhùn sókè níwájú rẹ̀. N kì í bẹ̀rù èèyàn. Olórí ẹ̀ka wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọ́ ìgò mi mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá nìkan ni mi ò lè wò lójú kí n sọ pé rárá.

Ẹnì kẹta wa ni obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa, ọmọ Ìlọrin lòun náà, n óò fi ọdún méjìlá dáadáa jù ú lọ. Ọdún kẹjọ nìyẹn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé. "Dókítà" ni gbogbo wa ń pè é kí orí rẹ̀ lè gbọ́, òun náà á sì dáhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbà á ná, kí ẹ má fi orúkọ pa mí." Àwọn aláṣẹ ti fún un ní lẹ́tà: bí sáà ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e bá parí tí kò tíì gba oyè náà, kó máa lọ sílé. Kírísítáàlì wa ni yóò wọ̀n, ohun tó bá rí nínú rẹ̀ ni yóò fi parí ìwé rẹ̀. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ méjì. Bí òkúta náà bá dára, ó dúró sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá dára, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo jókòó ṣa irúgbìn. A ní ṣíìtì méjì tó ṣókùnkùn bíi gíláàsì oòrùn. Bí ẹ bá fi wóró kan sáàárín wọn tí ẹ ń yí i, bó bá jẹ́ ẹyọ kan, gbogbo ara rẹ̀ á ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, apá kan á ṣú, apá kejì á máa tàn. Mo wo wóró bí ogójì ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ojú ń ta mí. Èyí tó dára, mo kó o sínú àwo funfun. Èyí tí kò dára, mo kó o sínú àwo búlúù. Mo fi han Dókítà. Ó yí ọ̀kan wò láti inú búlúù, ó pòṣé, ó ní, "Èyí tó rẹwà jù ló wá jẹ́ alábòsí." Òótọ́ ló sọ. Nígbà mìíràn, àwọn méjì tó lẹ̀ mọ́ra yẹn máa ń tóbi, ara wọn á máa dán, ojú lásán kò sì lè mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Bàbá ti ní Jímọ̀ ni òun fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀. Ó ra èso dàbínù wá, ó wọ agbádá funfun, olórí ẹ̀ka wa àti àwọn olùkọ́ bíi márùn-ún wá dúró tì wá. Mo ti gbé àwo méjèèjì sórí tábìlì. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ti da ti búlúù nù, ṣùgbọ́n mo ní kí n tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò sì tíì sọ fún Bàbá èyí tó jẹ́ èyí. Bàbá ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó mú ẹ̀mú kékeré, ó wo àwo funfun, ó wo àwo búlúù, ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú búlúù. Ó gbé èyí tó tóbi jù níbẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Ó ní, "Màṣáálááhù. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe gé e."

Mo la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n kí ohùn tó jáde, Bàbá ti sọ "Bísímílááhì", ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé a kì í já àdúà lẹ́nu àgbà, pàápàá àgbà tó jẹ́ ọmọ ilé kéwú. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n bí àdúà bá ti ń lọ ní ìlú yìí, a kì í bèèrè ẹ̀sìn kí a tó ṣe àmín. Ó gbàdúà fún irúgbìn náà, ó ní kí Ọlọ́run sọ ọ́ di ńlá. Ó gbàdúà fún mi, ó dárúkọ mi àti orúkọ àwọn ọmọ mi. Ó gbàdúà fún Dókítà tó dúró ní òdìkejì tábìlì, tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bíi ti gbogbo wa, ó ní oyè tó ń wá, kó rí i gbà, kí ojú má tì í láàárín ẹgbẹ́. Gbogbo yàrá ń dáhùn. Nígbà tó kan ibẹ̀, mo ṣe àmín, ohùn mi tilẹ̀ ròkè ju ti ẹlòmíràn lọ.

Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ òwú. Olórí ẹ̀ka wa ya fọ́tò. A jẹ dàbínù. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bí àwọn èèyàn yìí bá lọ, màá sọ ọ́. Wọ́n lọ, Bàbá bá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Ẹ̀mú wà níbẹ̀, àwo funfun wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ì bá gbà mí. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí Bàbá ti dárúkọ Ọlọ́run sí, tí gbogbo wa ti ṣe àmín sí, ọwọ́ mi kò gbà láti yọ ọ́ sọnù bí ẹni ń yọ kòkòrò nínú ẹ̀wà. Mo ní Mọ́ńdè ni màá sọ ọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún un pé irúgbìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù, pé iṣẹ́ náà ní àlùbáríkà. Nígbà tó parí, ó wò mí pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn irúgbìn tó o ṣà yẹn, láti ọjọ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n ò rí irú ẹ̀ rí. Ọlọ́run á ṣe é fún ọ."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹ ṣé, sà! Ẹnu mi yìí náà, tó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní láàbù, òun ló sọ ọ́. Mo jáde, mo dúró sí kọ̀rídọ̀, mo bú ara mi. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni a ì bá pàdánù nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ kan àti iyọ̀ ike kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kejì kì í jẹ́ kó fúyẹ́. Tí mo bá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá á bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ kìíní. Tí mo bá sọ ọ́ lóṣù kejì ńkọ́? Báyìí ni mo ṣe ń gbé e ka orí ara mi títí ó fi di pé kò ṣeé sọ mọ́.

Mo sì ń purọ́ fún ara mi. Mo ní bóyá ojú mi ló ṣe bàìbàì lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Mo ní bóyá apá kan á bo apá kejì mọ́lẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí, mo mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹta, mo rí ìlà kan nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú. Bàbá rí i pẹ̀lú, ó ní òjìji òwú ni. Mo dákẹ́.

Dókítà ni ẹ bá rí. Aago méje àárọ̀ kò ní í bá a nílé. Òun ló ń dín ooru omi kù lójoojúmọ́, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó ń ya bí òkúta náà ṣe rí pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "O tún sanra sí i lánàá, àbí?" Ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo Ìlọrin, ó fi aṣọ títutù dí gbogbo ẹnu fèrèsé. Òjò dé, ó ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá nínú omi wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò wá, lọ́jọ́ tí ibà gbé ọmọ rẹ̀ kékeré dé ọsibítù. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló tó dé, ó wá dín ti àná àti ti òní kù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àǹtí, ṣé kò ní í ṣe é ní nǹkan?" Mo ní kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Òótọ́ ni mo sọ níbẹ̀ yẹn, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ní oṣù kẹwàá, a yọ ọ́. Ó tó ìlàjì ọṣẹ ìfọṣọ. Ó mọ́ débi pé ẹ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, omi dé ojú rẹ̀. Àwọn tí ìjọba rán láti Àbújá láti wá wo ohun tí a fi owó náà ṣe yóò dé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá ní ká gé pẹlẹbẹ kan lára rẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò, kí Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan rẹ̀.

Òwú tí a rẹ sómi ni a fi ń gé e, nítorí ayùn á fọ́ ọ. Èèyàn á máa fa òwú náà lọ, á máa fà á bọ̀, títí omi á fi jẹ òkúta náà já. Èmi ni mo gé e. Odidi wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń fa òwú yẹn, tí mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣìnà. Mo fi aṣọ sílíkì dán an, mo gbé e fún Dókítà. Ó fi í sáàárín ṣíìtì méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Apá kan ṣú. Apá kejì ń tàn bíi fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

Ó tún un yí. Apá tó ṣú wá tàn, èyí tó ń tàn wá ṣú. Ìlà tó wà láàárín wọn tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún wò. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àga tí a ń gùn láti fi mú nǹkan lókè. Ó ní, "Láti ibo?" Kò bi ẹnì kan ní pàtó. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú yàrá, mo sì rò pé èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn.

Dókítà ló dáhùn. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ọjọ́ tí ara ọmọ mi ò yá yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Bàbá ní, "Dìde, dìde. Kádàrá ni."

Mo dúró níbẹ̀, aṣọ sílíkì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé bí ooru bá lọ sílẹ̀ kíákíá, inú òkúta á dàbí ìkùukùu ni, tàbí kó sán. Kì í fa ìlà gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ara irúgbìn. Bí mo bá sọ ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà yẹn o, mo dúró gbagidi, mo ń wo orí ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń wọ́.

Dókítà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn: àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ ooru. Àwọn ará Àbújá dé, wọ́n kà á, wọ́n gbé òkúta náà yí láàárín ṣíìtì, wọ́n kí Bàbá fún ìgbìyànjú, wọ́n lọ. Ìjọba kò fún wa ní apá kejì owó náà. Sáà ẹ̀kọ́ parí, Dókítà kò ní ohun tí yóò wọ̀n, lẹ́tà kejì dé. Mo bá a kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sunkún délé lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ rò pé òkú ni mo ní.

Bàbá fẹ̀yìntì, ọdún tó tẹ̀lé e ló kú. Mo lọ síbi fìdáù rẹ̀, mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, àwọn àáfáà ń ṣàdúà. Ní àárín àdúà ni mo rí i pé mi ò ní àwáwí mọ́. Títí di ọjọ́ náà, mo ti ń sọ fún ara mi pé ojú Bàbá ni mò ń wò, pé mi ò fẹ́ kí ìbànújẹ́ pa á. Bàbá ti lọ. Ẹni tí mo ṣẹ̀ wà ní àdúgbò Ṣàngó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni kan.

Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń máàkì. Ó fún mi lómi, ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó ní mo ti rù. N kò mu omi náà. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo fi bí ọdún méjìlá jù ú lọ. Ó pariwo, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwo búlúù, ọwọ́ Bàbá, àdúà, ẹ̀mú tí mi ò gbé, ìlà tó dà bí irun. Mo ní, "Kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́. Èmi ni. Mo rí i, mo sì dákẹ́."

Kò sunkún, kò sì bínú. Ó dì mí lápá mú, ó gbé mi jókòó sórí àga.

Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀."

"O mọ̀ láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tá a gé e. Ìlà yẹn ò lè ti inú ooru wá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi. Ta ni mo wá fẹ́ kọ ọ́ sí lọ́rùn? Bàbá? Àbí ẹ̀yin?"

Mo ní báwo ló ṣe mọ̀ pé irúgbìn ni. Ó mú bírò rẹ̀, ó ń yí i láàárín ìka.

"Mo rí ọwọ́ Bàbá nínú àwo búlúù lọ́jọ́ náà."

Ìbínú gbé mi, Ọlọ́run ló mọ ibi tó ti wá. Mo ní, "O rí i? Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀? Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rù àdúà yẹn ò bà mí, Bàbá á dárí jì mí. Mo ti la ẹnu, mo wá ní kí n wo ojú yín ná, torí ẹ̀yin lẹ ṣà á, ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó dára. Mo wò yín, Àǹtí. Ẹ ṣe àmín, ó sì ròkè. Mo ní áà, Àǹtí ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú àwo méjèèjì kí n tó dé." Ó fa ìwé ọmọ mìíràn sún mọ́ra, ó ṣí i. "Ọkàn mi wá balẹ̀."